Ohùn Tíṣà Àkàndé Nínú Ẹ̀rọ Òsì

Òórùn ló mú mi, kì í ṣe orin tí ọmọ mi fẹ́ kí n gbọ́.

Mo lọ kí Dàmọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi, ní Ìbàdàn lóṣù tó kọjá. Kò jẹ́ kí n jókòó dáadáa tó fi fà mí lọ́wọ́ wọ pálọ̀ rẹ̀ pé kí n wá wo ohun tí òun rà. Àpótí irin méjì ni, wọ́n jọra wọn bí ìbejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Gílóòbù onídígí tò sórí wọn, wọ́n ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹyinná tó fẹ́ kú.

“Mọ́mì, ọ̀kan fún gbohùngbohùn apá ọ̀tún, ọ̀kan fún apá òsì. Ọ̀kan kì í bá èkejì ṣe pọ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sọ bó ṣe rí fún mi.”

Mo jókòó. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ni gílóòbù ti gbóná, eruku tó bà lé wọn lórí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Òórùn eruku jíjó àti ti wáyà gbígbóná kún yàrá. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ mu omi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ, mo di ògiri mú. Ọmọ mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un rí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti fún ẹnikẹ́ni tó kéré sí mi tó bá lè fara balẹ̀ kà á.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé kan lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí omi òjò ti máa ń ti orí àpáta ṣàn wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Bí rélùwéè bá ń bọ̀ láti Òṣogbo, a ó ti gbọ́ fèrè rẹ̀ kí èéfín rẹ̀ tó yọ. Mo ní a ó ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í gbọ́ ọ. Wọ́n wà lára àwọn tó lọ jagun ní Bọ́mà. Iṣẹ́ wáyà àti rédíò ni wọ́n kọ́ bọ̀ láti ibẹ̀, bọ́ǹbù kan sì bú nítòsí wọn tó gba ìdajì etí wọn lọ. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá là mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kéékèèké ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí òjò bá ń ṣẹ́ wínníwínní sórí páànù, àfi kí wọ́n na ọwọ́ síta kí wọ́n tó gbà pé òjò ni.

Pẹ̀lú etí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ohùn náà ni wọ́n yàn. Wọ́n kó àwókù ẹ̀rọ jọ, wọ́n fi kan ámpílífáyà méjì, àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kékeré láti ẹnu máìkì tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohùn ńlá. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà yẹn máa ń so gbohùngbohùn méjì, níbi tí ohùn ti ń jáde, mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n bá di ẹrù méjì lé lórí á máa mí hẹlẹ bí alábàárù. Ọ̀kan fún apá ọ̀tún pápá, ọ̀kan fún apá òsì, Ọ̀tún àti Òsì náà ni wọ́n sì sọ wọ́n. Wọ́n kun Ọ̀tún ní àwọ̀ ewé. Ọ̀dà tán kó tó kan Òsì, ni wọ́n bá fi èyí tó ṣẹ́ kù lára ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kun ún. Láti Ìkìrun dé Ìnísà, dé Òkukù, dé Ìbà, kò sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí wáàsí oṣù ààwẹ̀, tí àwọn ẹ̀rọ méjì yìí kò dé.

Etí ìyá mi ni bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ Ìnísà ni ìyá mi, ẹ̀gúsí ni wọ́n ń tà, wọn kò sì lò ju ọdún méjì lọ nílé ìwé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó mọ ohùn bíi tiwọn títí di òní. Bí bàbá mi bá ti tún ẹ̀rọ ṣe tán, wọ́n á gbé gbohùngbohùn sábẹ́ igi ìyeyè lẹ́yìnkùlé, wọ́n á wá wọ yàrá níbi tí máìkì wà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi á jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi, wọ́n á di ojú. Nínú yàrá, bàbá mi á rọra da ẹ̀gúsí sórí àtẹ níwájú máìkì. Wọ́n á da àgbàdo tẹ̀lé e. Wọ́n á da ẹ̀wà. Bí ẹ̀rọ bá dára, ìyá mi á mọ èyí tí wọ́n dà láìrí i. Bí kò bá dára, gbogbo rẹ̀ á dún bí òjò kan náà.

Ìgbà náà ni wọ́n á wá dá ẹjọ́. “Ó ń fi imú sọ̀rọ̀.” “Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.” “Ohùn yìí sanra jù, kò lè gba ẹnu ọ̀nà.” Nígbà kan tí bàbá mi fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko tún Òsì ṣe, ìyá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Bàbá wọn, ó dà bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ tó tún fẹ́ sọ̀rọ̀.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n sì tú ẹ̀rọ náà palẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi máa ń tẹ́tí sí jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń wà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ mi pé ẹ̀rọ tó péye kò gbọdọ̀ dún nígbà tí kò sí ẹni tó bá a sọ nǹkan kan. Bó bá ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí oyin inú igi, ó lè jẹ́ pé iná ń jò síbi tí kò yẹ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án tàbí máìkì rẹ̀.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ikọ́ ife mú ìyá mi. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tó jìnnà, abẹ́rẹ́ ni lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kò padà sílé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Tíṣà Àkàndé ló dì mí mú. Ọmọ Òkukù ni wọ́n, wọ́n gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn àwàdà débi pé bí wọ́n bá ń bínú pàápàá, a máa ń dúró kí ẹ̀rín tẹ̀lé e. Kíláàsì wa ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n rí i pé mo ń wá síléèwé láìjẹun, wọn kò sì dójú tì mí. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní, “Ìwọ, lọ bá mi ká aṣọ mi lórí okùn.” Bí mo bá dé ilé wọn lẹ́yìn kíláàsì, kò ní í sí aṣọ kankan lórí okùn. Àwo iṣu ni mo máa ń bá lórí àpótí, wọ́n ti dé e. Mo ká aṣọ tí kò sí yìí fún oṣù mẹ́jọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé Tíṣà lọ síléèwé kan ní Ìnísà, mo sì sunkún bí ẹni pé ẹnìkan kú.

Ìyá mi padà wálé. Abẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀mí wọn là ló gbé etí wọn lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ń fẹ́ná, mo pè wọ́n láti ẹ̀yìn, wọn kò dáhùn. Mo tún pè wọ́n. Ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dún gbàràgàdà, wọn kò wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n yíjú padà tí wọ́n rí mi, tí wọ́n rí ọmọrí tó ń yí nílẹ̀, wọ́n mọ̀ pé mo ti mọ̀. Wọ́n gbé ìka sẹ́nu.

“Má sọ fún bàbá rẹ.”

Wọ́n yára kọ́ bí a ṣe ń wo ẹnu mọ ọ̀rọ̀. Nínú ilé tí bàbá ti ń pariwo nítorí pé wọn kò gbọ́, tí ìyá sì ń tẹjú mọ́ ènìyàn lẹ́nu nítorí pé wọn kò gbọ́, àwọn àlejò máa ń rò pé ìjà ni à ń jà. Ní ti ẹ̀rọ, èmi ni mo di etí. Èmi àti ìyá mi á jókòó lábẹ́ ìyeyè, màá máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí níwájú wọn. Bí ohùn bá dára, màá da àtẹ́lẹwọ́ mi délẹ̀ lórí orúnkún. Bí kò bá dára, màá ṣí i sókè. Ìyá mi á wá kígbe ẹjọ́ náà sínú ilé, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọn bù ú níyọ̀. Ọdún méjì ni a fi ṣe é.

Ìgbà kan wà tí mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi fún Òsì lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra. Bàbá mi tú u lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò rí nǹkan kan. Ni wọ́n bá jáde wá, wọ́n dúró sẹ́yìn ìyá mi, wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìpariwo: “Àṣàkẹ́, ṣé etí rẹ ṣì dá ṣáṣá?”

Èmi ni ìyá mi ń wò. Mo sáré sọ ọ́ pẹ̀lú ètè mi láìjẹ́ kó dún. Wọ́n yíjú padà.

“Ó dá, Bàbá wọn. Ẹ̀rọ yín ni kò dá.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n wo ìyá mi pẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi kì í ti í gbé ojú kúrò lọ́wọ́ mi bí wọ́n bá ti gbé gbohùngbohùn jáde.

Lọ́dún tí mo pé mọ́kànlá, lẹ́tà dé láti Ìnísà. Tíṣà Àkàndé ló kọ ọ́. Iléèwé wọn fẹ́ ṣe eré ìje lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ni wọ́n á máa fi máìkì kéde, wọ́n sì fẹ́ kí bàbá mi kó ẹ̀rọ wá. Nísàlẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọmọ yín dání. Mo ní ìwé kan tí mo fẹ́ fún un.” Mo ka ìlà yẹn títí ìwé náà fi fẹ́ ya.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, a gbé gbohùngbohùn jáde. Ọ̀tún mọ́. Ó wá kan Òsì. Kí bàbá mi tó da ohunkóhun sórí àtẹ, mo gbọ́ ọ: ó ń kùn. Kò lágbára. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tó ń ṣàròyé nínú oorun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ẹ̀gúsí, wọ́n da àgbàdo, wọ́n da ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ sì dún yàtọ̀ síra wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìkùn náà wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ti kọ́ mi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi, bàbá mi á ní Òsì kò lọ, bí Òsì kò bá sì lọ, Ọ̀tún kì í dá lọ. Mi ò ní í rí Tíṣà, mi ò ní í gba ìwé. Ìyá mi sì tẹjú mọ́ ọwọ́ mi bí ẹni tó ń dúró de ẹjọ́.

Mo da àtẹ́lẹwọ́ mi délẹ̀.

“Ó dáa, Bàbá wọn!” ìyá mi kígbe, ìtura sì hàn lójú wọn. “Ó mọ́ bí omi!”

Òjò rọ̀ ní Ìnísà láàárọ̀ Sátidé, ó sì dá kí ọkọ̀ wa tó dé. Koríko pápá rin gbindin. Ìyá mi dúró sílé. Bàbá mi gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn kíláàsì kan kí ariwo rẹ̀ má bàa pọ̀ jù, wọ́n so wáyà, wọ́n gbé gbohùngbohùn kan sí ìpẹ̀kun pápá lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, máìkì kan ló sì ń bọ́ àwọn méjèèjì. Tíṣà Àkàndé rí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló wá ká aṣọ lónìí?” Wọ́n ní bí eré bá parí, màá gba ìwé mi. Wọ́n wọ bàtà kánfáàsì tí wọ́n fi ẹfun kùn títí ó fi funfun báláú. Nígbà tí wọ́n rí ẹrẹ̀ pápá, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n so okùn rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi kọ́ ọrùn. Wọ́n wọ inú koríko láìwọ bàtà, wọ́n mú máìkì onírin náà.

“Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, ẹ súnmọ́ iwájú, kí ẹ̀yin náà lè ríran.”

Mi ò tíì gbọ́ ohùn tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti inú ẹ̀rọ bàbá mi. Ó kọjá pápá, ó kọjá àwọn ilé, ó dé ibi ojú irin.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan ya fàà nínú gbohùngbohùn òsì. Ara Tíṣà le gbagidi. Apá wọn ń gbọ̀n, ẹnu wọn là, máìkì kò sì kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni Tíṣà, wọ́n rò pé ijó ni. Èmi nìkan ni mo ti ń sáré. Mo ń kígbe, “Bàbá, ẹ pa á! Ẹ pa iná!” Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni bàbá mi kọ sí mi, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì wà láàárín wa. Wọn kò gbọ́ títí mo fi dé ẹ̀yìn kíláàsì tí mo fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì lù wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n pa iná.

Nígbà tí a fi padà dé pápá, ẹ̀rín ti tán. Bàtà kánfáàsì ṣì wà lọ́rùn Tíṣà. Wọn kò mí mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá mú bàbá mi, wọ́n ti wọ́n mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ pé àgbákò ni. Àwọn ẹbí pe ìpàdé lágboolé wa. Bàbá mi jókòó, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra: “Àṣàkẹ́ ní ó dáa. Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ, ó ní ó dáa.” Ìyá mi ń wo ẹnu wọn. Wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀ sáàárín ilé.

“Mi ò gbọ́ ọ. Láti ilé ìwòsàn ni mi ò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Irọ́ ni mo ń pa fún yín.”

Wọn kò dárúkọ mi. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Bàbá mi tẹ̀ síwájú kí ìyá mi lè rí ètè wọn. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ìgbà tí mo bá ń gbọ́ ọ fún yín nìkan lẹ máa ń bi mí léèrè ohun tí mo rò.”

Mi ò tíì rí i kí àgbàlagbà ọkùnrin sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi yọ gílóòbù ara Ọ̀tún àti Òsì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọ́ wọn mọ́ àpáta ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé àpótí méjèèjì lọ sí oko lọ́nà Ìbà, adìẹ oko sì ń yé sínú Ọ̀tún títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́ tán. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi kú, àwọn àti ìyá mi sì máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nírọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀, láìbínú.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá mi bi mí. À ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọ́n gbé ojú sókè. “Ṣé o gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn?” Mo mi orí pé rárá. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní ọmọdé ni mí, kí n má fi ṣe ọkàn. Wọ́n kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yẹn.

Nígbà tí èmi náà di tíṣà, mo wọ rélùwéè lọ sí Òkukù láti lọ bá ìyá Tíṣà Àkàndé. Ìyá arúgbó náà ń tú èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi, ìkùn, ìwé. Wọn kò dá iṣẹ́ dúró títí mo fi sọ ọ́ tán.

“O wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, Màmá.”

“Kí ló sọ kẹ́yìn? Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi.”

Mo sọ ọ́ fún wọn, pé Tíṣà ní kí àwọn ọmọ kéékèèké súnmọ́ iwájú kí wọ́n lè ríran.

“Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó já gaara?”

“Ó já gaara, Màmá. Ó dé ibi ojú irin.”

Wọ́n bu èlùbọ́, wọ́n tún un tẹ́. “Mo ti gbọ́,” ni wọ́n wí. “Máa lọ ilé rẹ. Má padà wá síbí mọ́.”

Mi ò padà lọ.

Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí pápá Ìnísà ká báyìí. Ó máa ń pẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ló ní gbohùngbohùn mẹ́rin tàbí mẹ́fà, wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí, kò sì sí ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi di ojú láti gbọ́ bí wọ́n ṣe rí. Ìgbàgbé sì ti ń ṣe mí. Mi ò rántí ojú àwọn tí a jọ ka ìwé mọ́, àti orin tí a fi ń wọ kíláàsì. Etí mi náà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkùn ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn kò kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n kùn ún fún yín nísinsìnyí, màá kùn ún bó ṣe rí gẹ́lẹ́.